Kọ́kọ́rọ́ Tí Mo Jókòó Lé

Èmi ni mo parọ́ fún awọ́ra tó ń fi òróró wọ́ ara ní ilé ìtọ́jú, ẹ má dá a lẹ́bi. Ọmọkùnrin tí kò ju àbígbẹ̀yìn mi lọ ni, ó sì bi mí pé ibo ló ń dùn mí. Ojú tì mí láti nawọ́ sí ìdí, ni mo bá nawọ́ sí orúnkún. Ó da òróró sí i, ó wọ́ ọ, ó tẹ̀ ẹ́, títí orúnkún mi fi ń dán bí àwo tuntun. Ìrora mi wà níbi tó wà, kò yẹsẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà sì ń kán mi lójú. Ọmọbìnrin mi ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, òkè àjà kẹta ló ń gbé, àtẹ̀gùn nìkan ló sì débẹ̀. Bí mo bá gbé ẹsẹ̀ òsì báyìí, nǹkan á sáré bí iná láti ìdí mi dé ọmọ ìka ẹsẹ̀. Ìyá ọkọ rẹ̀ ti ń di ẹrù. Ó ní kí n sinmi, òun á bá mi wẹ ọmọ náà. Àánú yẹn ò dùn mọ́ mi nínú rárá.

Nígbà tí mo padà lọ, awọ́ra ò tíì fọwọ́ kan òróró tó fi ń wò mí.

Ó ní, "Màmá, ìdajì ìdí lẹ fi jókòó. Ta lẹ ń fi ìdajì yòókù pamọ́ fún?"

Mo rẹ́rìn-ín títí àga fi ń ké. Mo wá jẹ́wọ́. Ó ní kí n dojú bolẹ̀ lórí ibùsùn, ó tẹ́ aṣọ ìnura lé mi, ó fi ìgúnpá wá ibi tó le bí òkúta nínú ẹran ìdí mi. Nígbà tó bà á, mo bú bàbá tó bí i, bẹ́ẹ̀ mi ò mọ bàbá náà rí. Ó ní kí n máa mí. Díẹ̀díẹ̀ ni ẹran náà rọ̀, iná ẹsẹ̀ mi sì ń kú lọ.

Ó wá béèrè ohun tí mo máa ń jókòó lé. Kí ni mo fẹ́ wí? Ìdì kọ́kọ́rọ́ ilé ni. Inú ìró, lápá òsì, ni mo ń tì í bọ̀, torí bàbá àwọn ọmọ mi àti ṣúgà tí mo tì mọ́ inú àpótí. Dókítà ti ní kó má lá a mọ́. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń fi ìdí ara mi ṣọ́ ṣúgà. Awọ́ra ní irin yẹn ló ń tẹ iṣan mi mọ́lẹ̀. Bí mo bá tún jókòó lé e, iṣẹ́ òun á já sí asán.

Ó wọ́ mi títí ọ̀sẹ̀ fi parí. Lọ́jọ́ tó kẹ́yìn, mo gun àtẹ̀gùn ilé ìtọ́jú lọ sókè, mo sọ̀ kalẹ̀, iná kankan ò sáré. Mo pe ìyá ọkọ ọmọ mi pé kó tú ẹrù rẹ̀, mo sì di tèmi. Ibi tí mo máa fi kọ́kọ́rọ́ sí ni mo ń wá nígbà tí bàbá wọn rọra na ọwọ́ rẹ̀ síwájú mi.

"Ìyá wọn, ta ni yóò máa jókòó lé e títí wàá fi dé?"