Ilé Ẹni Tó Fi Àwòrán Ìbọn Síta

Fẹ̀hìntọlá ya fọ́tò géètì náà lẹ́ẹ̀mẹta, ó rí i dájú pé gbogbo ojú ilé hàn. Oòrùn àdúgbò Kpogan ń jó o látàrí, kò kà á sí. Oṣù mẹ́rin ló fi wá ilé yìí.

Àwọn olè ló yìnbọn pa Moses ọkọ rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ ní Zone franche, ọgbà àwọn ilé iṣẹ́ ńlá. Ìbọn àgbélẹ̀rọ ni. Nígbà tí ọwọ́ tẹ̀ wọ́n, wọ́n jẹ́wọ́ pé orí íńtánẹ́ẹ̀tì làwọn ti rí àwòrán bí wọ́n ṣe ń rọ ọ́, pé Félicien, tíṣà kan tó wá láti Atakpamé, ló gbé e síbẹ̀. Àwọn olè wà lẹ́wọ̀n. Félicien ń jẹ, ó ń mu. Ẹ ò rí ayé bí? Ẹni tó ṣu ló máa ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé.

Ó kan géètì. Félicien fúnra rẹ̀ ló ṣí i. Lẹ́yìn rẹ̀, ìyá rẹ̀, arúgbó tí ojú rẹ̀ ti fọ́, ń pa ẹ̀pà lórí ẹní. Fẹ̀hìntọlá sọ ẹni tí òun jẹ́.

"Pardon, Tantí, ẹ kú àmúmọ́ra," ni Félicien wí, ó dorí kodò. "Ṣùgbọ́n èmi kọ́ ni mo yìnbọn. Àwòrán lásán ni mo fi síta, ọ̀rọ̀ lásán. Liberté ni, òmìnira ni. Tí ìjọba bá ní a ò gbọdọ̀ sọ tòní, tọ̀la ńkọ́?"

Ohùn tútù ni Fẹ̀hìntọlá fi dá a lóhùn.

"Ọ̀rọ̀ lásán. Ó dáa. Èmi náà ní tèmi."

Ó lọ jókòó sábẹ́ igi àgbọn lódìkejì títì. Ó gbé fọ́tò náà sórí Fesibúùkù, ó kọ orúkọ Félicien àti àdúgbò sí i, ó ní: Ilé ẹni tó kọ́ olè ní ìbọn rírọ rèé. Ó dùn mọ́ ọn dé egungun. Kí Félicien náà má rí oorun sùn. Ibẹ̀ ló dúró sí, kó lè fojú ara rẹ̀ rí i bí ìtìjú ṣe máa lé e kúrò nílé.

Kò tó wákàtí méjì tí àwọn tí kò mọ̀ rí fi ń dáhùn. Ẹ jẹ́ ká lọ sun ún, ni wọ́n ń kọ. Òun ò ní kí wọ́n sun ẹnikẹ́ni. Ó pa gbogbo rẹ̀ rẹ́ lójú ẹsẹ̀.

Alùpùpù mẹ́ta wá dúró níwájú rẹ̀. Kẹ́ẹ̀gì epo wà lọ́wọ́ ọ̀kan nínú wọn.

"Tantí, ibo nilé ẹni tó ń ta ìbọn?" ló bi í ní èdè Mina.

"Kì í ta ìbọn. Ẹ padà sílé yín. Èmi ni mo kọ ọ́, mo sì ti pa á rẹ́."

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà wo fóònù rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀yin kọ́, Tantí. Constant ló kọ ọ́."

Ó na fóònù sí i. Fọ́tò tí òun fúnra rẹ̀ yà ni lóòótọ́, ẹlòmíràn ti dà á kọ kí òun tó pa á rẹ́. Fẹ̀hìntọlá ò mọ Constant kankan láyé yìí.

Ìbínú rẹ̀ sí Félicien ò tíì rọ̀ rárá. Síbẹ̀, ó ká ìró rẹ̀ sókè, ó sáré gba títì kọjá, kó lè dé ọ̀dọ̀ ìyá arúgbó náà ṣáájú wọn.