Kànga Monínúọlá

Ní ọ̀sẹ̀ Àjíǹde, Ọláyíwọlá gbé ẹ̀rọ iṣẹ́ rẹ̀ wá sílé láti Èkó. Ọkọ̀ ojú omi kékeré ni, kò tóbi ju ọpọ́n ìfọṣọ lọ, kò sì ní awakọ̀. Ní èbúté Àpápá, ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ ló ń yí àwọn ọkọ̀ òkun ká, tí ó ń ti ọ̀pá rẹ̀ bọ omi, tí ó sì ń sọ fún kọ̀ǹpútà bí epo àti ìdọ̀tí ibẹ̀ ṣe pọ̀ tó.

Ìbítóyè, bàbá rẹ̀, wò ó títí.

"Ṣé nítorí èyí lo ṣe lọ yunifásítì? Kí o máa tọ́ omi ẹlẹ́gbin wò?"

"Ẹ̀rọ ló ń tọ́ ọ wò, Bàbá. Èmi kàn ń ka ohun tó bá sọ ni."

"Ọ̀lẹ méjì ti pàdé nìyẹn."

Ọláyíwọlá rẹ́rìn-ín. Ó ní ẹ̀rọ náà gbọ́dọ̀ mọ omi tó mọ́ kó tó padà sí èbúté, kó lè mọ ìyàtọ̀.

"Lọ sí kànga ìyá rẹ," ni Ìbítóyè wí. "Kò sí omi tó mọ́ tó o ní gbogbo Òkè-Ìlá."

Nọ́ọ̀sì ni Monínúọlá, ìyàwó rẹ̀. Owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ ló fi gbẹ́ kànga náà, ó sì ní kí gbogbo àdúgbò máa pọn omi rẹ̀. Nígbà tó kú, àwọn ọmọ fẹ́ sin ín sí itẹ́ òkú ìjọ Kátólíìkì. Ìbítóyè kọ̀. Ó ní ìyàwó òun kò ní sùn láàárín àwọn tí kò mọ̀. Ẹ̀gbẹ́ kànga ló sin ín sí, kó lè máa rí i láti ojú fèrèsé.

Ọláyíwọlá so ọ̀pá ẹ̀rọ mọ́ okùn, ó sọ ọ́ sínú kànga. Ó wo ohun tó jáde, ó fọ ọ̀pá náà, ó tún sọ ọ́ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Ó wá gbé e lọ sí kànga Akínbọ́lá, aládùúgbò wọn lókè ọ̀nà. Nígbà tó padà dé, ẹ̀rín ti kúrò lójú rẹ̀.

"Ṣé ẹ̀rọ náà ti bàjẹ́ ni?"

"Rárá, Bàbá. Omi ti Akínbọ́lá mọ́. Tiwa ni kò mọ́. Nǹkan kan ń jẹrà sínú rẹ̀."

"Ewúrẹ́ kankan kò jábọ́ síbẹ̀. Mo máa ń dé e."

Ọmọ náà yíjú sí ẹ̀gbẹ́ kànga. Ìbítóyè wo ibi tó ń wò. Ó rí sàréè, ó sì rí bí ilẹ̀ ṣe da gẹ̀rẹ́ láti ibẹ̀ dé ẹnu kànga.

"A lè gbé Màmá lọ sí itẹ́ òkú ìjọ," ni Ọláyíwọlá wí jẹ́jẹ́.

"Ẹ̀ẹ̀kan ni mo lè sin ín."

Ó wọlé lọ mú àgádágodo. Bó ṣe ń ti ìdérí kànga ni Ṣìkẹ́ dé, aláta Ọjà Ọba tó ń gbé ní ilé kejì, pẹ̀lú garawa lọ́wọ́ àti ọmọ lẹ́yìn.

"Bàbá, ṣé ẹ ti fẹ́ máa ta omi fún wa ni?"

"Omi náà kò dára mọ́."

"Omi ìyá wa? Tí mo fi ń po ògì ọmọ yìí? Ta ló da nǹkan sí i?"

Ọláyíwọlá fẹ́ dáhùn. Bàbá rẹ̀ gbé ọwọ́ sókè dá a dúró.

"Èmi ni. Mo sin ín sún mọ́ kànga jù."

Ṣìkẹ́ wo sàréè náà. Ó fi ọwọ́ kan ẹsẹ̀ ọmọ tó pọ̀n. Lẹ́yìn náà ó gbé garawa òfìfo rẹ̀, ó gba ọ̀nà ilé Akínbọ́lá lọ.

Ìbítóyè gbé àga wá síbi kànga, ó jókòó. Àwọn yòókù yóò wá pọnmi nírọ̀lẹ́, òun yóò sì ní láti sọ ọ́ fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.