Ilẹ̀ Gbígbóná fún Màámi

Táìlì àkọ́kọ́ tí Mórounkẹ́jì fọwọ́ kàn ń làágùn. Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí abẹ́ apá ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú oòrùn dé, òógùn náà sì lẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó nu ọwọ́ mọ́ ìró rẹ̀, ìró náà lẹ̀. Àkànmú tó ń ta táìlì ní kó má bínú, ó ní bí táìlì gbígbóná ṣe máa ń ṣe nìyẹn tó bá rí àlejò.

Màámi ló rán an. Láàárọ̀ ọjọ́ náà ni Màámi, tó ti kú láti ìgbà òjò èṣí, gba ẹ̀yìnkùlé wọlé, tó jókòó sórí àpótí ìdáná, tó ní òun ti dé. Kò sẹ́ni tó bi í bó ṣe rìn ín. Amọ̀ wà láàárín ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó ní ibi tí òun ti ń bọ̀ tutù púpọ̀, òun ò lè tẹ ilẹ̀ tútù mọ́. Bí Mórounkẹ́jì bá lè tẹ́ ilẹ̀ gbígbóná sí balùwẹ̀, kó sì fọwọ́ ara rẹ̀ wẹ òun níbẹ̀, òun á dúró tì í. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí oòrùn tó wọ̀ òun á padà, òun ò sì ní wá mọ́. Inú Mórounkẹ́jì dùn débi pé kò tètè gbọ́ òórùn rẹ̀. Nígbà tó gbọ́ ọ, ó yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ṣe bíi pé bàtà lòun ń wá.

Ṣọ́ọ̀bù Àkànmú ti di ilé ìgbẹ̀bí. Wọ́n to táìlì sórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n faṣọ bò wọ́n dé ọrùn. Mórounkẹ́jì ń ṣí wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan ní irun wínníwínní, bó sì ṣe fọwọ́ rá a, irun náà dìde. Òmíràn rọ̀ bí ahọ́n, ó lá a ní àtẹ́lẹwọ́. Èyí tó ní òdòdó búlúù, tó wù ú jù nínú gbogbo wọn, gùnfẹ̀ sí i lójú, òórùn wàrà kíkan bò ó. Èébì gbé e. Ojú ò jẹ́ kó bì sílé onílé, ó gbé e mì.

Ó bi Àkànmú pé ṣé kò sí èyí tó kàn gbóná lásán ni. Táìlì olódòdó ló dá a lóhùn. Ó ní táìlì kì í dá gbóná, ohun tí wọ́n bá rì sábẹ́ rẹ̀ ló ń gbóná.

Àkànmú wá bi Mórounkẹ́jì ní ibi tí wọ́n ri olóbi rẹ̀ mọ́. Ìbéèrè náà ò ṣàjèjì, ṣebí orí ibi tí wọ́n bá ri ibi ọmọ mọ́ ni wọ́n ti ń wẹ ọmọ nínú agboolé. Mórounkẹ́jì nawọ́ sí ilẹ̀ tó wà níwájú rẹ̀, nítorí wọn ò sí ní ṣọ́ọ̀bù mọ́, inú balùwẹ̀ ẹ̀yìnkùlé ilé wọn ni wọ́n ti wà. Àkànmú gbẹ́ ilẹ̀, ó kan ìkòkò, ó fọ́ ọ.

Olóbi náà kò rà. Ó pupa, ó ń mí, ó tẹ́ rẹrẹ tó ẹní. Okùn ìwọ́ rẹ̀ ń wá nǹkan kiri bí ekòló. Ó rí Mórounkẹ́jì lára débi pé awọ orí rẹ̀ súnkì. Mórounkẹ́jì ní kì í ṣe tòun. Olóbi náà gbọ́ ohùn rẹ̀, ó yí sọ́dọ̀ rẹ̀.

Màámi ti wọlé tòun ti ọṣẹ àti kànrìnkàn. Ó fẹsẹ̀ lásán gun orí nǹkan náà, ó di ojú, òtútù sì kúrò lójú rẹ̀. Ó jókòó, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì bí àwọn àgbà ṣe ń ṣe tí wọ́n bá fẹ́ wẹ ọmọ. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ọ̀bùn ríkú ọkọ tìrànmọ́, òun ní tòun, ikú ara òun lòun tìràn mọ́. Ó na ọṣẹ sí Mórounkẹ́jì, ó ní kó máa bọ̀.

Mórounkẹ́jì bọ́ bàtà, ó gbé ẹsẹ̀ kan lé e. Nǹkan náà fà á lọ́mọ ìka mu. Ó fa ẹsẹ̀ yọ, ọṣẹ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fẹ́ kí ìyá rẹ̀ dúró, kò tíì fẹ́ ohunkóhun tó bẹ́ẹ̀ rí, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ kọ̀ jálẹ̀. Ojú lọ̀rọ̀ wà. Màámi wo ojú náà pẹ́.

“Àwẹ̀ró,” ó fi oríkì pè é, “nígbà tí eléyìí bọ́ lára mi, ọwọ́ mi ni mo fi gbé e. Mi ò ṣan ọwọ́ kí n tó gbé ọ.”

Mórounkẹ́jì nu ẹsẹ̀ náà mọ́ ìró rẹ̀. Oòrùn ti ń wọ̀, Àkànmú sì ti po sìmẹ́ǹtì. Ó rọra béèrè bóyá kí òun bò ó báyìí tàbí kí òun dúró.

“Ẹ máa bò ó,” ni Mórounkẹ́jì wí.

Táìlì olódòdó ni Àkànmú fi bò ó, ó bẹ̀rẹ̀ láti ẹsẹ̀ Màámi. Màámi ká ìró rẹ̀ sókè kí sìmẹ́ǹtì má baà ta sí i. Nígbà tó dé èjìká, Màámi ní ọṣẹ wà lẹ́bàá ògiri.

Ilẹ̀ náà jọ̀lọ̀, kò rùn, kò làágùn. Mórounkẹ́jì dúró lórí rẹ̀, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Ó bọ́ aṣọ, ó fọ ẹsẹ̀ tí nǹkan náà fà mu, ó fọ̀ ọ́, ó tún fọ̀ ọ́. Ibi tó ti ń ha gìgísẹ̀ ló ti rí i pé ilẹ̀ náà ti ń tutù.