Orin Tí Mùjídàt Kò Yàn

Kí ni onídìrí bá ìbò tan? Ìbéèrè tí Mùjídàt ń bi fóònù rẹ̀ nìyẹn láti ìgbà tí ìbò ti ń sún mọ́lé. Jẹ́ẹ́ ló jókòó nínú ṣọ́ọ̀bù kékeré kan lẹ́bàá Relief Market ní Onitsha, ó ń dirun, ó ń fi orin lé oorun lójú ara rẹ̀ àti lójú àwọn oníbàárà. Ó ń gbọ́ wákà rẹ̀, ó ń gbọ́ háíláìfù àwọn Ìgbò. Àmọ́ bí orin kan bá tán, ẹ̀rọ orin inú fóònù á yan òmíràn sí i fúnra rẹ̀. A ní kó wá fẹ́ wa lójú, ó fi ata sẹ́nu! Orin olóṣèlú ló ń yàn. Ọ̀kan pàápàá wà níbẹ̀ tí àwọn jàǹdùkú kan kọ ní Yorùbá: “Ẹ lé wọn padà, kọjá Odò Ọya! Àjòjì kì í jọba nílé onílé!”

Ìgbà àkọ́kọ́ tó gbọ́ ọ, jìnnìjìnnì bò ó. Òdìkejì Odò Ọya tí wọ́n ń wí yìí náà ló kúkú ń gbé! Ó wá ibi tí èèyàn ń tẹ̀ láti fi sọ pé òun ò fẹ́, ó tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀rọ ní òun ti gbọ́, òun dúpẹ́. Lọ́jọ́ kejì, orin tún dé. Ó tún tẹ̀ ẹ́, ẹ̀rọ tún dúpẹ́, ó sì tún gbé e wá. Ìranù! Mùjídàt wá sọ ọ́ di àṣà: bí orin bá ti ń parí lọ, ọwọ́ rẹ̀ á ti wà lórí fóònù, òróró irun á sì yí gbogbo ojú fóònù náà.

Tìtorí Nne ló ṣe ń ṣe bẹ́ẹ̀. Nne, ìyá Ìgbò kan, ló ni ṣọ́ọ̀bù. Nígbà tí omíyalé gbé gbogbo ẹrù Mùjídàt lọ ní Okpoko, tí òun àti àwọn ọmọ dúró sójú títì pẹ̀lú àpò kan ṣoṣo, Nne ló ní kí wọ́n wọlé. Ó fún un ní ṣọ́ọ̀bù, ó bá a wá oníbàárà, ó sì ń pè é ní Ada m, ọmọbìnrin mi. Ìyá Mùjídàt ti kú, kò sí ẹlòmíràn tó ń pè é lọ́mọ mọ́. Àmọ́ Nne ní ọmọkùnrin kan, Obinna. Lọ́jọ́ ìbò kan ní Èkó, àwọn ọmọ ìta fi igi lù ú lórí ìlà tó tò sí láti dìbò, wọ́n ní kó máa lọ sílé bàbá rẹ̀. Ojú rẹ̀ òsì kò ríran mọ́. Gbogbo ará àdúgbò ló mọ̀ pé a kì í sọ̀rọ̀ ìbò níwájú Nne. Ẹ̀rù kan ṣoṣo ló ń ba Mùjídàt: kí Nne má lọ fi ojú àwọn tó lu Obinna wo òun.

Lọ́jọ́ náà, Nne wá dirun. Wọ́n ti dì í dé ìdajì, wọ́n ń sọ Ìgbò, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, nígbà tí àkókò ìrun alàásárì tó. Mùjídàt na ọwọ́ sí fóònù láti pa háíláìfù tó ń kọ.

“Má pa á, Ada m,” Nne wí. “Orin ìgbà èwe mi nìyẹn. Jẹ́ kó máa bá mi ṣeré kí o tó dé.”

Ta ni yóò kọ̀ fún ìyá rẹ̀? Mùjídàt fi orin sílẹ̀, ó ṣe àlùwàlá, ó bọ́ sẹ́yìn kọ́tìnì níbi tí ẹní ìrun rẹ̀ wà.

Ó ń kírun lọ́wọ́ nígbà tí háíláìfù parí. Yéè! Ariwo yẹn bẹ̀rẹ̀: “Ẹ lé wọn padà!” Ṣé kó já ìrun ni? Àfáà tó kọ́ ọ ní kéú kì í fi ọ̀rọ̀ yìí ṣeré: ẹni tó bá ti dojú kọ Ọlọ́run kò gbọdọ̀ wẹ̀yìn torí ariwo ayé. Ó sì sọ fún ọkàn rẹ̀ pé Nne kò kúkú gbọ́ Yorùbá. Òun kò gbọ́ ọ lẹ́nu Nne rí. Ló bá forí kanlẹ̀, ó ń sáré ka ohun tó ń kà, orin náà sì ń bú lọ títí ó fi tán.

Nígbà tó sálámà tó jáde, Nne ti pa fóònù. Ó ti dìde, ó ti we gèlè lé irun àdìkù.

“Mùjídàt,” ó wí, ní Yorùbá tó já gaara. “Múṣín ni mo ti tajà kí n tó padà wálé. Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀.”

“Ẹ gbọ́ Yorùbá, mà?” Mùjídàt bèèrè.

“Ọjọ́ tí wọ́n gbé Obinna wá bá mi, mo ní ẹnu mi ò ní sọ ọ́ mọ́.”

“Mà, ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe èmi! Fóònù ló yàn án! Mo ti ní mi ò fẹ́ ẹ, mo ti sọ ọ́ títí—”

“Fóònù tèmi náà ń kọrin. Kò kọ irú èyí rí.” Ohùn Nne kò lọ sókè rárá. “Mo jẹ́ kó máa kọ ọ́. Mo ní ọmọ mi ni, ó máa sáré jáde wá pa á. Orin tán, o ò jáde.”

Mùjídàt kúnlẹ̀, ó di ìró Nne mú, ó ń sunkún. Nne rọra já ìró gbà.

“Má kó ẹrù rẹ,” ó wí. “Ṣọ́ọ̀bù ṣì wà fún ọ. Èmi kì í lé èèyàn.”

Ó bá títì lọ pẹ̀lú irun àdìkù, òun tí kì í jáde láìwo dígí.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Mùjídàt ti gbálẹ̀ iwájú ṣọ́ọ̀bù tipẹ́, ó ń dúró. Nne ń kọjá lọ. Onídìrí mìíràn ti tú irun náà, ó ti dì í tuntun. Mùjídàt kí i ní Ìgbò, ó kúnlẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe.

“Good morning, madam,” Nne wí, bí ẹni ń kí agbowó orí, ó sì kọjá.

Mùjídàt wọlé, ó jókòó sórí àga oníbàárà. Fóònù gbọ̀n lápò rẹ̀, ó yọ ọ́ wò. Ẹ̀rọ orin ló kọ̀wé sí i:

“Mùjídàt, a rí i pé o gbọ́ orin yìí títí dé òpin. A ti ṣa irú rẹ̀ jọ fún ọ.”