Àwọn Eku Tí Ò Juwọ́ Sílẹ̀

Ọ̀rọ̀ eku ti sú Àǹtí Kẹ́míkà pátápátá. Bí wọ́n ṣe ń pè é níbi iṣẹ́ nìyẹn, torí òun ló ń po oògùn tuntun fún àwọn tí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ti dè mọ́ bẹ́ẹ̀dì. Ogójì ló ti pò tí kò jẹ́. Nọ́ńbà mọ́kànlélógójì ló kù, bó bá sì kùnà lọ́sẹ̀ yìí, àwọn ọ̀gá á pa iṣẹ́ náà tì. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin sì wà nílé ìyá wọn, òun náà ò kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì, ó ti kọjú sí ògiri láti oṣù mẹ́jọ. Oògùn mẹ́ta tí dókítà fún un, bí ẹní mu omi ni. Nọ́ńbà mọ́kànlélógójì ni ẹ̀gbọ́n gbójú lé fún un.

Bí wọ́n ṣe ń dán an wò ò le. Wọ́n á ju eku sínú ìgò ńlá tó kún fún omi, wọ́n á ka ìṣẹ́jú mẹ́fà. Eku tí ayé ti sú á lúwẹ̀ẹ́ díẹ̀, á dákẹ́, á kàn léfòó. Èyí tó gba oògùn ló yẹ kó máa jà títí. Ìdajì ń gba oògùn, ìdajì ń gba omi iyọ̀ lásán, kí wọ́n lè fi wọ́n wéra.

Ẹ wá wo ìyọnu. Àwọn tó gba omi iyọ̀ náà ń lúwẹ̀ẹ́ bí ẹni tí wọ́n ń lé! Ọjọ́ Ajé, Ìṣẹ́gun, Ọjọ́rú, ọ̀kan ò dákẹ́. Ta ló wá lè mọ̀ bóyá oògùn ṣiṣẹ́? Àǹtí yẹ omi wò, ó yẹ aago wò, ó bá akọ̀wé jà láìnídìí. Àbúrò pè é lẹ́ẹ̀mejì, Àǹtí ní òun ń bọ̀ wá wò ó. Oṣù mẹ́ta ló ti ń bọ̀.

Ọjọ́bọ̀, ó tètè dé, ló bá ká Bàbá Eku, àgbàlagbà tó ń tọ́jú àwọn ẹran náà, mọ́ iṣẹ́ tẹ́nìkan ò rán an. Bàbá ju eku kan sómi, kò pẹ́, ó kì ọwọ́ bọ̀ ọ́, ó gbé e jáde, ó fi tówẹ̀lì nù ún, ó mú òmíràn. Àṣé láràárọ̀ ló ń ṣe é fún gbogbo wọn, ó di ọjọ́ kejìlá.

Iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì ti wọgbó nìyẹn. Àǹtí bi í pé irú ìranù wo lèyí.

“Àǹtí, ẹ má bínú,” ni Bàbá wí. “Omi yẹn ń bà wọ́n lẹ́rù. Mo kàn jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ẹnìkan á wá yọ wọ́n ni. Tí wọ́n bá ti mọ̀, wọn kì í dákẹ́ mọ́.”

Àǹtí lọ jókòó sídìí tábìlì rẹ̀. Ó kọ̀wé sáwọn ọ̀gá pé ìdánwò náà ti bàjẹ́, eku tuntun ni wọ́n nílò, kí wọ́n ṣe é bó bá ṣe wù wọ́n. Inú ń bí i sí Bàbá, ó ń bí i sí eku, ti ara rẹ̀ ló wá pọ̀ jù. Ó bọ́ kóòtù funfun rẹ̀, ó gba ilé ìyá wọn lọ.

Àbúrò ò yíjú kúrò lára ògiri. Ó ní, “Ṣé oògùn náà ti jẹ́ ni?”

“Kò tíì jẹ́. Èmi ni mo wá.”

 Àbúrò sún mọ́ ògiri lórí bẹ́ẹ̀dì, kí ẹ̀gbọ́n lè ráyè jókòó.