Ìdajì Etídò Tí Ẹ̀gbọ́n Ro

Wọ́n ní ẹni tí ejò bá ti bù ṣán rí, bó rí ekòló, á sá. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni àgbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Bàbá Rọra rí. Àmọ́ lọ́jọ́ tí à ń wí yìí, ẹ̀rù tó ń bà á kì í ṣe ti ekòló. Ilé-iṣẹ́ tó ń fa omi odò fún ìlú ti sọ ọ́ gbangba: iyẹ̀pẹ̀ àti ajílẹ̀ oko ń ba omi jẹ́, báwọn àgbẹ̀ ò bá lè dá a dúró, àwọn á fi wáyà yí etídò ká, kálukú á wá ilẹ̀ síbòmíràn. Oko Bàbá Rọra ni wọ́n fi ṣe àpẹẹrẹ. Wọ́n ní kó fi koríko sílẹ̀ gbọọrọ láàárín ebè àti odò. Òní ni wọ́n ń bọ̀ wá da omi sí i, kí gbogbo èèyàn rí ohun tó máa ṣàn jáde.

Ó dé oko láàárọ̀, ó bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin níbẹ̀, tòun ti ọkọ́ lọ́wọ́, òógùn bò ó.

"Mo ní àlejò ń bọ̀," ni ẹ̀gbọ́n wí, "kí wọ́n má lọ sọ pé ọ̀lẹ lọmọ ìyá mi. Igbó tó o fi sétídò yìí ń tì mí lójú. Ìdajì lẹ̀yìn mi gbà."

Ìdajì etídò ti mọ́ fónífóní, ẹ̀gbọ́n ti kó koríko jọ gègèrè. Kí ni Bàbá Rọra fẹ́ sọ fún ẹ̀gbọ́n tó pọ̀n ọ́n dàgbà?

"Ẹ... ẹ ṣeun. Ṣùgbọ́n koríko yẹn, òun gan-an ni wọ́n ń bọ̀ wá wò."

"Koríko? Kò sí nílé wọn ni?"

Kó tó fèsì, ọkọ̀ táńkà ilé-iṣẹ́ omi ti dé, àwọn àgbẹ̀ sì ń wọ́ tẹ̀ lé e. Aládùúgbò oko rẹ̀, Ẹnu-Ò-Sinmi, ló ṣáájú.

"Bàbá Rọra! Irun wo lo gẹ̀ fún odò? Àbí onígbàjámọ̀ sá lọ kó tó parí?"

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Bàbá Rọra yíjú sí obìnrin tó jẹ́ ọ̀gá ilé-iṣẹ́ omi.

"Ẹ má bínú, mà. Àwa... àwa la ro ó. A fẹ́ tún un ṣe dè yín ni."

Ọ̀gá wo etídò títí. Bàbá Rọra ti ń fọkàn di ẹrù rẹ̀ kúrò lórí ilẹ̀ náà.

"Ẹ ri ìgò kan mọ́lẹ̀ níbi tó mọ́ yìí," lọ̀gá wí fáwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, "ẹ ri òmíràn sí ìparí koríko lọ́hùn-ún, kí wọ́n gba omi tó bá ṣàn wá."

Wọ́n fi rọ́bà tú omi táńkà sórí ebè. Níbi tó mọ́, omi já wálẹ̀ wìtìwìtì, ó gbé ilẹ̀ dání, ìgò kún fún ẹrẹ̀. Lọ́hùn-ún, omi wọ inú koríko bí ẹni tó ṣìnà. Nígbà tó pẹ́, ó yọ́ jáde díẹ̀díẹ̀ sínú ìgò. Èèyàn lè rí ọwọ́ ara rẹ̀ lódì-kejì ìgò.

Ẹnu-Ò-Sinmi lóṣòó, ó gbé ìgò méjèèjì sókè. Ẹnu sinmi.

"Oko kan náà?"

"Ajílẹ̀ kan náà," ni Bàbá Rọra dáhùn.

"A jẹ́ pé irú ẹrẹ̀ yìí ló ń ti oko tèmi jáde."

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín. "Mo ti ń wá ẹni tó máa gbà ká ro ìdajì koríko rẹ̀, kí ẹ lè fi wéra. Kò sẹ́ni tó gbà. Ta ló ro eléyìí?"

"Èmi ni," ni ẹ̀gbọ́n wí. "Bó bá jẹ́ ẹ̀wọ̀n, èmi ni kẹ́ ẹ mú."

"Ẹ̀wọ̀n kẹ̀, Ìyá? Ẹ ṣeun ni! Ẹnikẹ́ni tó bá fi koríko sílẹ̀ báyìí, wáyà wa ò ní débẹ̀."

Bàbá Rọra jókòó síbi tó wà, ó mí kanlẹ̀.

Ẹnu-Ò-Sinmi ti ń yọ́ kẹ́lẹ́ lọ sídìí koríko tí wọ́n kó jọ, ó fẹ́ ṣa èyí tó ní gbòǹgbò lọ gbìn. Ẹ̀gbọ́n fi ọkọ́ dínà.

"Onígbàjámọ̀ rèé. Tọrọ ẹ̀ dáadáa!"

Bàbá Rọra rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́.