Àdá Tí Wọ́n Fi Gé Kéèkì

Ìyá Tọ́pẹ́, jókòó ná, inú ṣì ń bí mi. Mo lá àlá pé a wà níbi ìrántí ogún ọdún tí wọ́n pa bàbá mi. O mọ̀ pé gbogbo orílẹ̀-èdè ló gbọ́ nípa ikú yẹn, síbẹ̀ ọlọ́pàá kò rí apànìyàn, wọn kò sì rí àdá tó fi ṣe é. Àdá náà ni mo rí lójú àlá, wọ́n so ríbọ́ọ̀nù mọ́ ọn, ẹ̀jẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀. Ọ̀gá ọlọ́pàá tó ṣèwádìí ẹjọ́ náà ló mú un dání, ó fẹ́ fi gé kéèkì. Kéèkì yẹn ga tó ilé ẹjọ́, ó tún ní fèrèsé.

Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ̀rí nìyẹn."

Ó ní, "Àbúrò, jẹ́ ká gé kéèkì ná. A máa fọ̀ ọ́ fún ẹ tó bá yá."

Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n tí wọ́n pè wá sọ̀rọ̀ níbi ìrántí náà pàtẹ́wọ́. Alága ní ká pe lẹ́tà orúkọ Délé, bàbá mi, lọ́kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n gé kéèkì tí a bá ti pe èyí tó kẹ́yìn, bí a ti máa ń ṣe. Wọ́n pe D, E, L, wọ́n wá ní ọmọ olóògbé ni kó parí rẹ̀. Mo la ẹnu láti pariwo pé kí wọ́n gba àdá lọ́wọ́ ọkùnrin náà, àfi bí mo ṣe gbọ́ ohùn ara mi tó pe "E" ketekete. Mo bá ta jí.